Ìkòkò Tí Mo Sọ Pé Ó Ń Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àwọn èèrà náà. Wọ́n tò gbọọrọ láti ìdí ògiri, wọ́n gba abẹ́ okùn aṣọ kọjá, wọ́n sì rọ́ jọ sí ojú kan ṣoṣo tí ilẹ̀ ti tutù. Mo rò pé ẹnì kan da ṣúgà nù ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀ yẹn, mo gbé e sí imú. Ìtọ̀ ni. Ìtọ̀ ọmọbìnrin kan tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé yàrá kẹta sí tèmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń rù lójoojúmọ́, tó sì ń mu omi bí ẹni tí wọ́n fi omi mímu ṣe iṣẹ́ rán. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ ògiri. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọmọ náà dákú, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀ kó tó padà wálé.

Ilé olójúkojú là ń gbé, ní Okokomaiko, ní òpópónà kan tó forí lé ìhà Ajangbadi. Yàrá mẹ́wàá, ilé ìwẹ̀ méjì, kànga kan. Lẹ́yìn ìyá onílé, èmi ni mo pẹ́ jù níbẹ̀. Fíríìjì títúnṣe ni mo fi jẹun ní Alaba títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, bàbá mi ní ó tó, èmi náà sì gbà pé ó tó. Tí oòrùn bá ti mú, tí kò sí iná, ìdí kànga ni gbogbo ilé máa ń kó jọ sí, wọ́n á ní, "Bàbá Onífíríìjì, ẹ sọ̀rọ̀ o." Mo ti sọ fún wọn pé mo tún fíríìjì kan ṣe rí fún ọ̀gágun kan, pé ológbò dúdú tó wọ inú rẹ̀ lọ jí ẹja, funfun ló jáde. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Ọjọ́ kejì tí ọmọ náà dé láti ọsibítù ni nọ́ọ̀sì wá. Obìnrin kúkurú kan ni, bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀, ó gbé kúlà kékeré kan lọ́wọ́. Ó ní òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì gbogbo ayé, àwọn ọmọdé tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà nìkan ni òun ń tọ́jú.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọdé kẹ̀? Àrùn àwa arúgbó lẹ wá ń gbé fún ọmọdé?"

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. "Bàbá, láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìbà, kò sí ilé tí mo wọ̀ tí wọn ò fi ọ̀rọ̀ yẹn kí mi káàbọ̀."

Ó ṣàlàyé fún ìyá ọmọ náà lójú mi. Ó ní ara ọmọ yìí kò ṣe ohun tó ń gbé ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ara mọ́. Abẹ́rẹ́ ló máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan. Oògùn inú abẹ́rẹ́ náà, ínsúlínì, kò gbọ́dọ̀ gbóná, kò sì gbọ́dọ̀ dì bíi yìnyín. Ìgbà yẹn ló wá yíjú sí mi.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa fíríìjì. Ṣé ti ìyá yìí máa lè tọ́jú oògùn yìí?"

"Èwo ni fíríìjì? Kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí a ti rí iná. Ọjọ́ tí iná bá sì dé, gbagidi ló máa dì í."

Ó ní kí wọ́n ra ìkòkò amọ̀ méjì, ńlá kan, kékeré kan. Èmi ni mo lọ bu iyanrìn wá létí omi ní Ọ̀jọ́, nínú àpò sìmẹ́ńtì tí mo ti gbọ̀n dáadáa. Ó gbé kékeré sínú ńlá, ó da iyanrìn sáàárín wọn, ó bu omi sí iyanrìn náà, ó kó oògùn sínú èyí tó kéré, ó wá rẹ aṣọ funfun kan sínú omi, ó fi bo gbogbo rẹ̀. Igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òjìji wà ni a gbé e sí. Nígbà tó yá, mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó tutù minijọ́jọ́. Inú mi dùn, inú sì bí mi díẹ̀, pé amọ̀ àti iyanrìn ṣe iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi gba owó lé lórí.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi yé o. Mo mọ ohun tó wà nínú ìkòkò yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ní ìdí kànga, ẹnì kan bi mí pé kí ni wọ́n fi aṣọ funfun bò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ọmọ yẹn ń lọ bá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ǹ bá sọ pé oògùn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gbóná, gbogbo ojú ló ń tòògbé, mo sì rí i pé wọ́n ń dúró.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní mo ti rí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ rí ní etí omi Ọ̀jọ́ nígbà èwe mi, lọ́dọ̀ ọmọ kan tó jẹ́ ẹmẹ̀rẹ̀. Mo ní àwọn ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ lọ́run, inú ìkòkò ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀, èèrà ni wọ́n sì ń rán níṣẹ́. "Tí wọ́n bá ti fẹ́ mú un lọ," mo ní, "ẹ ò ní gbọ́ ariwo. Ẹnu rẹ̀ lásán lá máa rùn bí èso tó pọ́n jù. Èso tí ẹnikẹ́ni kò rà wọ ilé."

Ẹ bá mi wò ó: n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ èso yẹn ti wá sí mi lẹ́nu. Mo ti ronú lé e títí, n kò rí i.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Bàbá yìí, Ọlọ́run á mú yín!" Ìyá onílé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó rọra gba ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ lọ. Nígbà tó padà, kò jókòó mọ́.

"Èèrà wà níbẹ̀," ó ní. "Wọ́n tò."

Ẹ̀rín dá. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Tí mo bá ní kí n sọ òótọ́, ìgbà yẹn ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì wò mí báyìí rí, gbogbo ìtàn mi látẹ̀yìnwá, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀. Mo rọra mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ilé wa yí padà. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ rìn tí wọ́n bá ń kọjá níwájú ìkòkò. Àwọn ọmọdé tó ń pariwo lójúde, tí wọ́n bá ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Mo rí bisikíìtì méjì níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n tò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sórí ewé. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé ní òun gbọ́ tí ìkòkò náà ń mí. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ilé dá páropáro, mo tẹ́tí sí i. Ó ń mí lóòótọ́. Omi tó ń wọ inú iyanrìn lọ ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, fíín, fíín, bí ẹni tó fa èémí tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Mo mọ̀ pé omi ni. Mo fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kan dé tí ìyá ọmọ náà tètè jáde lọ sí ìsọ̀ abọ́ rẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Ó ti fún ọmọ lábẹ́rẹ́, ó ní kó jẹun, ọmọ kò jẹun. Nǹkan bí agogo mọ́kànlá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, mo rí i tó ń bọ̀. Òógùn ti mu aṣọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró dáadáa. Ó dojú kọ ògiri tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró dè mí. Mo ń bọ̀."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. "Àwọn yẹn," ó ní.

Orí mi wú. Ìyá onílé ti yọ jáde, ó ti káwọ́ lérí. Mo pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Ṣúgà ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ jù, Bàbá! Ẹ fún un ní mínírà, èyí tó dùn, kíákíá!" A bu mínírà sí i lẹ́nu. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ là. Ó béèrè pé ta ló da omi sí òun lára.

Mo mí kanlẹ̀. Ìyá onílé kò mí. Ó ń wo igo mínírà yẹn.

"Ẹ rí i," ó ní jẹ́ẹ́, "nǹkan dídùn ni wọ́n fẹ́. A fún wọn ní adùn, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún un yẹn ló ń bí wọn nínú."

Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì fi wá yẹ ọmọ náà wò. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ìyá onílé ń sọ káàkiri, ó wá jókòó tì mí lórí àga. Ó rẹ̀ ẹ́. Fóònù rẹ̀ ń dún, ó gbé e, ìyá kan ní Ajangbadi ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni òun ti ń lò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnu abẹ́rẹ́ náà ti kú, kò wọlé mọ́. Ó tún dún, ilé ìwé kan ní àwọn ò gba ọmọ tó ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ní kíláàsì, kó lọ máa ṣe é nílé. Èmi ń wò ó. Ó ń dáhùn, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń bú wọn, ó tún ń bẹ̀ wọ́n.

"Ẹni mélòó lẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí?" mo bi í.

"Èmi nìyí, Bàbá." Ó fi fóònù sí itan. "Ẹ mọ èyí tó le jù? Ṣúgà tó ń pa wọ́n náà ló tún ń gbà wọ́n là nígbà mìíràn. Mo ní kí wọ́n má jẹ ẹ́, lọ́jọ́ kejì mo ní kí wọ́n sáré fún un. Ta ló máa gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ẹ wá fi ìtàn yín lé e. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi pa á rẹ́."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni," mo ní. "Á tán fúnra rẹ̀."

Kò tán. Ìyá onílé mú ìyá ọmọ náà wọ yàrá; ohun tó sọ fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ ọ. Ó ní àwọn tó bí wa mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: sàárà ọmọdé. Wọ́n á kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ, wọ́n á gbé gbogbo ohun dídùn kalẹ̀, ọmọ náà á jókòó sáàárín wọn, á bá wọn jẹ, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè jẹ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ dá abẹ́rẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ara ọmọ lè mọ́. Wọ́n gbé ìkòkò náà, tòun ti oògùn inú rẹ̀, lọ jù sínú omi. Ibùsùn ni mo wà ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹsẹ̀ mi wú, n kò mọ nǹkan kan. Orin àwọn ọmọdé ni mo gbọ́ lọ́sàn-án Sátidé, tí mo fi jáde.

Wọ́n tẹ́ ẹní sí ojúde. Àádùn wà níbẹ̀, ìrèké, oyin, súìtì, bisikíìtì, mínírà. Àwọn ọmọ ń jẹ, wọ́n ń ṣe wàhálà. Ọmọ náà wà láàárín wọn nínú aṣọ funfun, wọ́n fi àádùn sí i lọ́wọ́, kò jẹ ju ẹnu kan lọ. Omi ló ń mu, ife lórí ife. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ń mí bí ẹni tó sáré láti Badagry, bẹ́ẹ̀ ojú kan ló jókòó sí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ káàsán."

Òórùn ọ̀pẹ òyìnbó ló ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọ̀pẹ òyìnbó tó ti pọ́n kọjá, tó ti fẹ́ bàjẹ́. Mo wo gbogbo ohun tí wọ́n tò sórí ẹní. Kò sí èso kankan níbẹ̀.

Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú yàrá tí òun kò sí. Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó dún títí, kò gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló gbé e. Ó ní wọ́n ti fa òun lọ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ kò tó níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dúró fún òun lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí òun ń tọ́jú. Mo sọ òórùn ẹnu náà fún un.

Ó ní, "Bàbá, ọmọ yẹn ń kú lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di oró. Ẹ má jẹ́ kó jẹ nǹkan dídùn mọ́. Mo ti ń wọ kẹ̀kẹ́ báyìí."

Mo kígbe. "Ẹ dá a dúró! Irọ́ ni mo pa! Kò sí ẹgbẹ́ kankan, oògùn ló wà nínú ìkòkò, èmi fúnra mi ni mo bu iyanrìn rẹ̀ wá!"

Ìyá onílé wò mí pẹ̀lú àánú. "Ẹ̀ẹ́yà. Wọ́n ti halẹ̀ mọ́ ọn. Ó tú àṣírí wọn, ẹ̀rù ń bà á báyìí."

"Mo ní irọ́ ni!"

"Ẹ rí i bí ara rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n."

Lóòótọ́, mo ń gbọ̀n. Bí mo ṣe ń búra tó ni ojú wọn ń là tó. Mo di ọmọ náà mú, ìyá rẹ̀ já a gbà lọ́wọ́ mi, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ó ku díẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ má bà á jẹ́." Ọmọ náà bì. Wọ́n ní ó ń tú wọn dànù.

Mo gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ lókèèrè. Mo mọ̀ pé tó bá wọlé báyìí tó ní òun fẹ́ gbé ọmọ lọ, wọ́n á lé e jáde, wọ́n á sì tilẹ̀kùn. N kò ronú. Mo dìde, mo jẹ́ kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n, mo fi ohùn tí mo fi sọ ti àkọ́kọ́ sọ ìkejì.

"Ó dáa," mo ní. "Wọ́n ní kí n sọ ọ́. Ta ló gbé ìkòkò yẹn wọ ilé yìí? Ta ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ da aṣọ funfun bò ó?"

Mo nàka sí ẹnu géètì.

"Ẹ rò pé nọ́ọ̀sì lásán ni? Ó ti gbọ́ pé wọ́n gbé ìkòkò òun lọ. Ó ń bọ̀ lọ́nà. Tí ẹ bá fi ọmọ lé e lọ́wọ́, á dá a padà láàyè. Tí ẹ bá dí i lọ́nà…" N kò parí rẹ̀. Géètì dún.

Ó dúró síbẹ̀ nínú aṣọ wọ́ọ̀dù rẹ̀ funfun, kúlà lọ́wọ́. Àwọn ọmọdé sá sẹ́yìn. Ìyá onílé kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo gbogbo wa yíká, ó wò mí. Ó yé e. Mo rí i tó la ẹnu, mo mọ̀ pé òótọ́ ló fẹ́ sọ, nítorí kò mọ nǹkan mìíràn án sọ. Ọmọ náà ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nọ́ọ̀sì pa ẹnu dé. "Ẹ gbé e fún mi," ó ní.

Wọ́n gbé e fún un. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ bá a jiyàn, ó kàn tẹ̀ lé e, ó ń sunkún láìjẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n fi oògùn sí i, ó lo ọjọ́ mẹ́fà. Ó yè. Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, kò kí mi.

"Bàbá, kí lẹ sọ mí dà? Mo kan ilẹ̀kùn kan l'Ajangbadi lánàá, ìyá ọmọ wà nínú ilé, kò ṣí i. Òmíràn kúnlẹ̀ fún mi l'Ìyànà Ìbà, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má mú tòun. Tí wọ́n bá ń bẹ̀rù mi, ta ni wọ́n máa pè nígbà tí ọmọ bá ń gbọ̀n?"

 Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, èmi náà ń wọ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. A ń wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Mo ń sọ fún wọn pé òpùrọ́ ni mí. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ń wo nọ́ọ̀sì láti ẹ̀yìn mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó mọ ohun tí òun mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀, ìyá rẹ̀ mú un wá sẹ́nu ọ̀nà mi, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí.

"Bàbá, ẹ wo ojú mi. Èwo nínú rẹ̀ ni irọ́?"

"Méjèèjì ni, ọmọ mi."

"Ti ìkòkò àti ti nọ́ọ̀sì?"

"Méjèèjì."

"Tó bá jẹ́ pé èyí gan-an ni irọ́ tí ẹ tún ń pa nísinsìnyí ńkọ́?"

Mo dìde, mo fa àga mi sún fún un.  Ó jókòó sórí rẹ̀, ó fa ọmọ mọ́ra.

"N ò mọ èyí tí mo gbà gbọ́," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta tí n ò fi fún un lábẹ́rẹ́, èmi ni mo wà níbẹ̀. Mo fojú ara mi rí i."

Ó ṣí ìdérí. Ó gbé oògùn sójú ìmọ́lẹ̀, ó wo ìlà rẹ̀, ó tún un wò. Ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé aṣọ kúrò níkùn. Abẹ́rẹ́ wọlé. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ wọn pé kí wọ́n má tètè fà á yọ, ni ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè, ení, èjì, ẹ̀ta, kò kánjú. Ìyá rẹ̀ kò gbé ọwọ́ títí ó fi dé ẹ̀wá.